Ìwé Tó Pa Iná Ilé Àlíù

Ìfẹ́ Ṣùkúrátù àti Ọláńrewájú kò fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Ìbínú ló fi bẹ̀rẹ̀, orí rédíò ló sì ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí gbogbo Àkúrẹ́ ti lè gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan ni. Ṣùkúrátù ń nu eruku kúrò lára abọ́ tánganran nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, àkọ́bí Ràhímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Àkúrẹ́. Rédíò kékeré orí káńtà ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin kan ń ka ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ. *Ọjọ́ Tí A Kò Ṣáná* ló pe ìtàn náà. Ó ní òun ń ro bí ìlú ì bá ti rí ká ní ìjà ìbò ọdún 1983 kò di ti iná. Ká ní àwọn ọ̀dọ́ tó gbé bẹntiróòlù lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà yí padà sílé. Nínú ìtàn tirẹ̀, kò sí ilé tó jó. Àwọn tó yẹ kó ti kú ń mú ọmọ-ọmọ wọn lọ sílé ìwé.

Ṣùkúrátù fi àkísà sílẹ̀. Inú iná ọdún yẹn ni Àlíù, bàbá àgbà rẹ̀, kú sí. Tánganran ni òun náà ń tà. Àwọn kan wá lẹ pósítà ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ó jí ìbò mọ́ ògiri ilé rẹ̀ nígbà tó lọ kírun Jímọ̀. Àlíù kò mọ̀wé. Kò mọ ohun tí pósítà náà ń wí títí wọ́n fi wá sun ún mọ́lé.

"Ẹ pè wá, kí ẹ sọ èrò yín," ni Bọ́láwálé wí, ẹni tó ń darí ètò náà. Ó ka nọ́mbà. Ṣùkúrátù tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ káàsán o. Kí lorúkọ yín, ibo lẹ sì ti ń pè?"

"Ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀. Ẹ bá mi bi òǹkọ̀wé yẹn: ta ló jóná nílé tiwọn?"

Ohùn òǹkọ̀wé jáde, ó rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Mo ní ta ló jóná nílé yín tí ẹ fi ń bá wa pa iná wa? Bàbá àgbà mi kú nínú ilé tí ẹ ní kò jó yẹn. Wọn ò rí òkú gbé, eérú ni wọ́n sin. Ẹ̀yin wá jókòó sábẹ́ fáànù, ẹ ní kò ṣẹlẹ̀. Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ìyá, mi ò sọ pé—"

"Ẹ má pè mí níyàá. Mi ò tíì lọ́kọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bọ́láwálé, kò mọ ìgbà tó bọ́. Òǹkọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ṣùkúrátù pa fóònù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin gíga kan tó tín-ín-rín dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù. Ó ti ń béèrè káàkiri ọjà pé ta ni wọ́n sun bàbá àgbà rẹ̀ mọ́lé, tí kò tíì lọ́kọ, tí ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹnikẹ́ni kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Ràhímù.

"Ọláńrewájú lorúkọ mi," ó wí. "Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ kan ní Oǹdó. Mo wá gba ìyókù èébú mi."

"Ó kù púpọ̀."

"Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ẹ máa wí."

Ṣùkúrátù ti àpótí kan sí i. Ó sì wí. Ó sọ bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe ń sá fún òórùn bẹntiróòlù títí ó fi kú, bó ṣe jẹ́ pé kò sí olùkọ́ kan tó dárúkọ ọdún yẹn fún wọn nílé ìwé, bí ìjọba kan kò ṣe pè wọ́n rí kó ní, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èyí ló wọ Ṣùkúrátù lára, torí ohun tó ti ń retí ni kó fa bírò yọ.

Ó tún wá ní Sátidé lẹ́yìn tó kúrò nílé iṣẹ́ rédíò, àti Sátidé tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń jiyàn bí ẹni ń jẹun.

"Bí a kò bá ro bí ì bá ti rí, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tí a pàdánù?" Ọláńrewájú a bi í.

"Ẹni tó pàdánù nǹkan mọ̀ ọ́n. Kò nílò ìwé."

Síbẹ̀, bí ó bá di ọ̀sán Sátidé, Ṣùkúrátù a yí rédíò sókè láti gbọ́ ìyókù ìtàn náà. Nínú ìtàn náà, ọkùnrin oníṣòwò tí wọn kò sun mọ́lé darúgbó. Eyín rẹ̀ ká. Ó ń bínú bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin bá pẹ́ níta. Ṣùkúrátù a gbọ́, ojú a máa ta á. Bàbá àgbà tí kò rí rí ló wá ń sàárò báyìí, kò sì mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí tàbí kó gbá a létí.

Oṣù karùn-ún tí wọ́n pàdé ni Ọláńrewájú dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n lọ ra iṣu ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, wọ́n dúró lórí afárá, omi ń lọ nísàlẹ̀.

"Fẹ́ mi," ó wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni, láìsí ọ̀ṣọ́.

"Ojoojúmọ́ la ó máa jà."

"Ojoojúmọ́ la ń jà báyìí. Ẹ jẹ́ ká kúkú máa jà nínú ilé kan."

Ṣùkúrátù wo omi títí. Nígbà tó máa dáhùn, ó ní, "Jẹ́ kí 'ẹ' yẹn kúrò lẹ́nu rẹ. Èmi kì í ṣe ìyá rẹ."

Ràhímù kọ́kọ́ fajú ro. "Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kí ni kí n sọ ní mọ́ṣáláṣí?"

"Ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Ṣé yóò jẹ́ kí o máa kírun?"

"Òun ló ń rán mi létí bí àsìkò bá tó, Bàbá."

Ràhímù yí ojú síbi tí ó ti ń to ìkòkò. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó bá mọ Ràhímù yóò mọ̀ pé ó ti gbà nìyẹn.

Oǹdó ni ọ̀ràn wà. Ọláwuyì, bàbá Ọláńrewájú, ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ìwé. Ìjókòó iwájú ló ń jókòó sí nínú ìjọ Áńgílíkà wọn, àwọn ọ̀dọ́ a sì dìde bó bá ń kọjá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Monílọ́lá, àti Ọláńrewájú ló mú Ṣùkúrátù lọ kí i, torí Monílọ́lá ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ọláwuyì gba ìkúnlẹ̀ ọmọ náà tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ọmọ ta ni ọ́ ní Àkúrẹ́?"

"Ọmọ Ràhímù ni mí, sà. Àlíù oníṣòwò tánganran ni bàbá àgbà mi, èyí tí wọ́n sun ilé rẹ̀ nígbà ìjà ìbò."

Ẹ̀rín náà gbẹ. Ọláwuyì dìde, ó tún ń de bọ́tìnnì tó ti dè tẹ́lẹ̀. "Ìgbéyàwó yìí kò ṣeé ṣe," ó wí. Ó wọ yàrá lọ. Gbogbo wọn gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́.

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni," Monílọ́lá sọ lójú ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n mi le bí òkúta. Fi sílẹ̀ fún mi."

Oṣù mẹ́ta ni Monílọ́lá fi ń sáré láàárín Oǹdó àti Àkúrẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń mú bọ̀: kò ṣeé ṣe. Ìbínú ń pọ̀ sí i nínú Ṣùkúrátù. Ṣé híjáàbù orí òun ni? Ṣé òun kò tó ẹni tí wọ́n ń mú wọlé? Bó bá bi Ọláńrewájú, a ní, "Fún mi láyè díẹ̀," a sì wo ilẹ̀.

Láàárín àkókò náà ni ìwé jáde. Ọláńrewájú gbé ẹ̀dà àkọ́kọ́ fún un. Ojú Ràhímù ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Ṣùkúrátù ń kà á sí i létí ní ṣọ́ọ̀bù, bí oníbàárà kò bá sí. Wọ́n dé ibi tí gbogbo ìtàn náà ti yí padà, orí kan tí òun kò gbọ́ lórí rédíò.

"'Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn,'" ó kà. "'Ó gbọ́ tí ọkùnrin inú ilé ké pé, Ọmọ wà nínú ulé o! Ọmọ wà nínú ulé! Ara rẹ̀ domi. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, ó yí padà.'"

"Tún ibẹ̀ kà," Ràhímù wí.

Ó tún un kà.

"Ìwọ lo sọ ọ́ fún un?"

"Kí ni, Bàbá?"

"Ulé. Ìwọ náà, mi ò sọ ọ́ fún ọ rí." Ràhímù di etí káńtà mú. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Gbogbo ọdún tó lò ní Àkúrẹ́, kò sọ èdè wọn. Ó ní ó ń lọ́ òun lẹ́nu. Ilé ló máa ń wí. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ kó wí pé ulé. Ahọ́n wọn ló fi bẹ̀ wọ́n, bóyá wọ́n á rò pé ara wọn lòun. Èmi ni ọmọ tó ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ojú fèrèsé ẹ̀yìn ló ti jù mí síta." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi tí mo wà nínú ilé ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, àti ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ṣùkúrá, ta ló sọ ọ́ fún ọkọ rẹ?"

Ṣùkúrátù pa ìwé dé. Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ní Oǹdó ló ti bá Ọláńrewájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde lọ sílé. Kò kí i.

"Ta ló sọ ulé fún ọ?"

Ọláńrewájú wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. "Bàbá mi. Ọjọ́ tí a sin ìyá mi ló sọ ọ́. Ó ní òun wà lára àwọn tó lọ sun ilé kan, láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí òun wà ní Àkúrẹ́ nígbà náà. Kò dárúkọ onílé. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, Ṣùkúrá. Mo fi kọ ìtàn."

"Ìgbà wo lo wá mọ̀ pé àwa ni?"

"Ọjọ́ tí o pè, mo fura. Ọjọ́ tí bàbá mi ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo mọ̀."

"O mọ̀! O jẹ́ kí Àǹtí Monílọ́lá máa pariwo ẹ̀sìn. O jẹ́ kí n máa wo híjáàbù mi nínú dígí bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀!"

"Ẹ̀rù bà mí pé màá pàdánù rẹ."

"Ìwé rẹ kò jí bàbá àgbà mi dìde," Ṣùkúrátù wí, ohùn rẹ̀ sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi dúró. "Bàbá rẹ ló wẹ̀ mọ́. Ìwọ ló fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ fún un, òun kò fi sílẹ̀! Gbogbo wa ní orílẹ̀-èdè yìí, irú ìwé tí o kọ yìí là ń kọ. A ó pa èèyàn tán, a ó jókòó, a ó máa ro bó ṣe yẹ ká ṣe dára tó. Èmi tí mo tún ń sunkún sórí rẹ̀! O jẹ́ kí n fẹ́ràn irọ́."

Ó gun ọ̀kadà. Ó ní kó gbé òun lọ sílé Ọláwuyì.

Bàbá náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka Bíbélì. Bó ṣe rí Ṣùkúrátù, ó dìde.

"Bàbá, ẹ ò ní wọlé lónìí."

"Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó gbọ́ ulé ni."

Ọláwuyì jókòó bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa jáde, ìbínú ló bá jáde. "O ò tíì dáyé! Ìbò wa ni wọ́n jí! A tò nínú oòrùn láti àárọ̀, a dìbò, wọ́n wá ka iye tí ẹnikẹ́ni kò dì fún wa. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Kí lo fẹ́ ká ṣe, ká pàtẹ́wọ́ fún wọn?"

"Àlíù ló jí i?"

Ọláwuyì pa Bíbélì dé.

"Mo ní ṣé Àlíù ló jí ìbò yín, Bàbá? Ẹni tó jí i wà nínú ilé olódi, ọlọ́pàá ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ yín kò tó o. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ yín tó. Ìbínú yín tọ́. Ilé tí ẹ gbé e lọ ni kò tọ́. Ta ló ṣáná?"

"Àwa mọ́kàndínlógún la lọ."

"Ta ló ṣáná?"

Ọláwuyì wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. "Wọ́n ti da bẹntiróòlù sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn. Mo ní ẹ dúró, ọmọ wà níbẹ̀. Ẹnìkan ní irọ́ ni, ará òkè ni, kì í ṣe ọmọ ìlú, èdè Àkúrẹ́ ló fi ń tàn wá." Ó ká ọwọ́ náà pọ̀. "Ìṣáná wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣá a."

Ṣùkúrátù fara ti òpó. Ó ti rò pé bí òun bá gbọ́ ọ, ìbínú náà yóò jáde tán. Ṣe ni ìbínú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

"Ẹ wá sọ ọ́ fún bàbá mi. Lójú ọ̀sán, ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹnu yín."

"Bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n jókòó níwájú mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ jókòó sẹ́yìn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ọláńrewájú ń pè, Ṣùkúrátù kò gbé e. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé èèyàn lè fẹ́ràn ẹni tí òun kò fẹ́ rí sójú. Ara rẹ̀ ń dá a lóhùn pé ó ṣeé ṣe, èyí sì tún ń bí i nínú.

Monílọ́lá wá bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ mi, ó ti lé lógójì ọdún. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé."

"Àǹtí, ẹni tó ní ká gbàgbé, ṣé ó ti rántí rí? Kó kọ́kọ́ rántí. Lẹ́yìn náà ká wá wò ó."

Monílọ́lá dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Ó wọ mọ́tò padà sí Oǹdó. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán tí ọjà kún, ó tún dé. Ọláwuyì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, Ọláńrewájú ló gbẹ̀yìn.

Ọláwuyì kò jókòó. Ó bọ́ fìlà, ó sì sọ ọ́ fún Ràhímù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìbò, kẹ́ẹ̀gì, ulé, ìṣáná. Kò gbé ohùn sílẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí gbọ́. Bàbá oníbàtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ wọ́n, tí òun àti Ràhímù ti ń kí ara wọn láràárọ̀ fún ogún ọdún, dìde, ó kó bàtà rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ sílé lọ́sàn-án gangan. Ràhímù fi ojú sin ín títí ó fi yà ní kọ̀rọ̀. Ó wá yé e pé ọ̀kan nínú àwọn mọ́kàndínlógún náà lòun ti ń kí láràárọ̀.

Ọláwuyì wá dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ dìde," Ràhímù wí. "Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Mo sá, mi ò wẹ̀yìn. Ó pẹ́ kí bàbá mi tó dákẹ́?"

Monílọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọláwuyì, tó ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, lè purọ́. Gbogbo wọn rí i pé ó rò ó.

"Ó pẹ́," ó wí.

Ràhímù mi orí, ó tún mi orí. Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ẹ ṣeun tí ẹ kò purọ́ fún mi. Mi ò dárí jì yín. Mo ń wá a nínú ara mi, mi ò rí i. Bí mo bá rí i lọ́jọ́ kan, màá ránṣẹ́ sí yín. Ní ti ọmọ, èmi kọ́ ló ń lọ́kọ. Ẹ bi í."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ṣùkúrátù. Ó wo Ọláńrewájú. Ọkùnrin náà ti rù sí i.

"Mi ò tíì ní èsì," ó wí. "Gbogbo ìlú ló gbọ́ irọ́ tìrẹ."

Ọláńrewájú gbọ́ ohun tí kò sọ tán. Ní Sátidé kejì, pẹ̀lú àṣẹ bàbá rẹ̀, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ Bọ́láwálé nílé iṣẹ́ rédíò, ó dárúkọ Àlíù, ó dárúkọ Ọláwuyì, ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìwé òun kò yí padà. Tẹlifóònù kò sinmi. Àwọn kan ṣépè fún un pé ó tú àṣírí ilé. Ọkùnrin kan pè láti Oda, kò sọ̀rọ̀, ẹkún nìkan ló ń sun títí Bọ́láwálé fi ní kí wọ́n rọra gé e. Ní Oǹdó, wọ́n gba ìjókòó iwájú lọ́wọ́ Ọláwuyì. Àwọn tó gbà á, méjì nínú wọn wà lára àwọn mọ́kàndínlógún. Ọláwuyì mọ̀ wọ́n. Ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni Ṣùkúrátù fúnra rẹ̀ pe Ọláńrewájú. Ó dé kí ọ̀sán tó pọ́n, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò.

"Màá fẹ́ ọ," Ṣùkúrátù wí láti ẹ̀yìn káńtà. "Ní kóòtù. Bàbá mi àti bàbá rẹ ò ní jókòó pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí alága ìjókòó kankan bẹ̀ wọ́n. Má sì tíì rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí mi. Ó ń bí mi sí ìwọ, sí bàbá rẹ, sí ìlú yìí. Kò ní tán lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìbínú yẹn ń bá mi bọ̀ nílé ọkọ."

Ọláńrewájú rò ó. Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì ṣèlérí kankan.

"Ilé tí mo gbà, yàrá méjì ni," ó wí. "Àyè wà fún òun náà."

Ṣùkúrátù wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ mú àkísà kan, ó jù ú sí i.

"Wọlé wá. Abọ́ ìdí ògiri yẹn kò tíì sí ẹni tó nù ún."